Ajá Yín Ti Dé Fìlà, Bàbá Ìyápọ̀

Ọdún mẹ́ta rèé, Bàbá Ìyápọ̀! Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti fi Ogbooro sílẹ̀, tí ẹ fi ṣọ́ọ̀bù awọ sílẹ̀, tí ẹ fi Ìyá sílẹ̀, tí ẹ sì so ajá yẹn mọ́ wa lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ ajá pọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn. A ti rẹ́ pálọ̀. Dámilọ́lá, àbíkẹ́yìn yín, ti di nọ́ọ̀sì ní Ìsẹ́yìn, ó sì ti ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo wa la dùbúlẹ̀ àìsàn. Igi kaṣú tí ẹ ní kò ní so láéláé ti so o! Ìyá ní èébú yín ni kò jẹ́ kó rójú so tẹ́lẹ̀.

Ìyápọ̀, àkọ́bí yín, ló jókòó sórí àpótí yín ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń rán àpò ọdẹ, òun ló ń rán àkọ̀ ọ̀bẹ, òun ló ń fi awọ bo oǹdè fún àwọn ọdẹ. Bí ẹ ṣe máa ń gbé òwú kọjá lórí ara wọn, bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbé e. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ rẹ̀ lókèèrè á ní iṣẹ́ yín nìyẹn, iṣẹ́ Ògúnbùnmi.

Ó wá ku Ẹjẹ́ńsinmi. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tí ẹ ń fi orúkọ ajá yìí bá wí, tí ẹ bá ń pè é láàárọ̀ tí ẹ sì kọjú sí ilé Bàbá Ọmọ́tóyọ̀sí. Àmọ́ láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ajá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi! Bí ọ̀kadà bá ti dún lókèèrè báyìí, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa ké, á já síta, á kọ lu ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ó gbé Peter tíṣà ṣubú sínú láfún tí Waheedat, ará ilé kejì, sá sí ẹ̀bá ọ̀nà. Tíṣà dìde tòun ti láfún lórí, láfún ní irùnmú. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀dọ̀ Olúọdẹ ló gbà lọ tààrà.

Olúọdẹ ní ajá ọdẹ tó ń bẹ̀rù ọ̀kadà kò wúlò fún ìgbẹ́ mọ́, Ògún nìkan ló kù tó wúlò fún. Ọdún Ògún sì ti ń bọ̀ lọ́nà. Bí ajá ò bá jáwọ́ kó tó di ọjọ́ náà, òun fúnra òun á wá fà á lọ. Ìyá gbọ́. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ibi tí ẹ máa ń gbẹ́sẹ̀ lé lẹ́bàá ibùsùn ni ajá yìí ṣì ń sùn, Bàbá, Ìyápọ̀ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá mú un lọ, ìyá òun ò ní jẹun.

Dámilọ́lá ló gbà wá nímọ̀ràn lórí fóònù. Ó ní wọ́n máa ń rán fìlà tó ń bo ojú fún irú ajá bẹ́ẹ̀, kó má baà máa rí gbogbo nǹkan kedere, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Ó fi aṣọ rán ọ̀kan, ó fi rán awakọ̀ sí wa. Ẹjẹ́ńsinmi jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ètè, ó tún ń wo ọwọ́ wa.

Ìyápọ̀ ní ilé aláwọ kọ́ ni wọ́n ti ń fi aṣọ dé ajá ní fìlà. Ó fi okùn wọn orí rẹ̀ bí ẹni ń wọn orí ọkọ ìyàwó. Èyí tó kọ́kọ́ rán bo ojú pátápátá, ajá bá rìn lu ìkòkò omi, ìkòkò fọ́. Ó rán òmíràn, ó dá ihò sí i lójú. Bí ajá ṣe jáde báyìí, àwọn ọmọdé tò tẹ̀ lé e, wọ́n ń kọrin pé egúngún tuntun ti dé. Màmá Ramlah, aládùúgbò wa, tilẹ̀ ti kúnlẹ̀ kó tó rí ìrù!

Ìyápọ̀ ò sinmi. Ó mú awọ ewúrẹ́, ó fá a, ó fá a, ó fá a títí tó fi fẹ́lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ yọ. Ó fi abẹ́rẹ́ lu ihò wẹẹrẹ síwájú ojú, ó fi awọ líle dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó yọ etí síta, ó fi ẹnu sílẹ̀ kó lè là á. Ajá ń rí òjìji, kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀kadà kọjá. Ajá gbé etí sókè, ó mí kanlẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Bàbá, Ìyápọ̀ sunkún!

Lọ́jọ́ ọjà, ó mú un jáde. Ẹ wá wo ọjà tó pín sí méjì! Wọ́n rí awọ, wọ́n rí bí òwú ṣe gba orí ara wọn kọjá bíi ti oǹdè yín, wọ́n ní Ògúnbùnmi fi oògùn kan sílẹ̀ de ọmọ rẹ̀, orí ajá ló wà. Wọ́n ní bí ajá bá rójú ẹkùn á pa rọ́rọ́. Ní Ogbooro, èèyàn ló pa rọ́rọ́ fún ajá. Peter tíṣà, tó ní òun ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ń tì í kọjá. Waheedat ní tiẹ̀ yọ́ wá béèrè bóyá Ìyápọ̀ lè rán irú rẹ̀ fún ọkọ òun, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọmọge. Ìyápọ̀ ní kó lọ wọn orí rẹ̀ wá.

Nígbà tí ọdún Ògún kù sí dẹ̀dẹ̀, Olúọdẹ mú okùn dé. Ó bá ajá lórí ìjókòó, jẹ́jẹ́, tòun ti fìlà. Kò wọlé.

“Ìyápọ̀, kí ló wà nínú awọ yẹn?”

“Ajá ni, Bàbá.”

Olúọdẹ mi orí títí. Ó ní ọmọ gidi lẹ bí, ọmọ tí kì í tú àṣírí baba rẹ̀. Ó ká okùn rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Àkùkọ àti iṣu sísun ni Ògún jẹ lọ́dún yìí, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ọdún náà, Ìyá ṣí fìlà lórí ajá kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà, ajá jókòó tì í. Ọ̀kadà kan dúró níwájú ilé. Ajá gbé orí sókè, Ìyá náà gbé orí sókè. Àwọn méjèèjì wo ojú ẹni tó sọ̀ kalẹ̀, àwọn méjèèjì sì tún gbé ojú kúrò.

Ìyápọ̀ rí wọn láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù, ó wá yé e. Ọ̀kadà ló gbé yín lọ sí ọsibítù ní Ṣakí lọ́jọ́ yẹn, Bàbá. Ajá sáré tẹ̀ lé yín títí dé ìparí ìlú. Ọkọ̀ ló wá gbé òkú yín padà, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé fún ajá. Ọ̀kadà ò bà á lẹ́rù rí. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ ló ń wò.

Ìyápọ̀ gbé fìlà nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń rán ti ajá. Kò mọ bí òun ó ṣe rán ti ìyá òun, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ bí òun ó ṣe rán ti ara òun.

Ọdún mẹ́ta rèé, Bàbá. A fẹ́ràn yín, àárò yín ò tíì tán lára wa. Bí ọ̀kadà bá dúró, a ṣì ń wo ojú ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀.