Màmá Oníkòkòrò, Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Omi Wa

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 1952, omi odò wọ ilé tí àwọn òbí màmá wa ń gbé, ó sì kún dé ojú fèrèsé. Orí tábìlì tí aránṣọ kan fi ń gé aṣọ, ní yàrá òkè ilé kejì, ni wọ́n bí wọn sí. Agbẹ́kànga ni bàbá wọn. Ìyá wọn ń bá ará ìlú fọṣọ létí odò. Ọmọ méjì ti ṣáájú wọn, omi tí wọn kò sè sì ti pa àwọn méjèèjì kí wọ́n tó rìn. Látìgbà náà ni ìyá wọn kò ti gba omi gbọ́ mọ́, pàápàá èyí tó bá mọ́ lójú. Màmá wa jogún ìbẹ̀rù náà, wọn kò sì fi sílẹ̀ títí dọjọ́ ikú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní 1959. Ní 1965, kànga wó pa bàbá wọn lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀kọ́ sì dúró. Wọ́n bá ìyá wọn fọṣọ títí ọṣẹ fi bó wọn lọ́wọ́ débi pé wọn kò lè de bọ́tìnnì ara wọn. Ní 1969, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Bàtà bàbá wọn ni àwọn àti àbúrò wọn ọkùnrin jọ ń wọ̀, òun láàárọ̀, àwọn nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú àkísà tí wọ́n kì síwájú rẹ̀ kí ó má baà yọ. Wọ́n yege nínú ìdánwò ní 1974.

Ní 1975, ilé iṣẹ́ omi gbà wọ́n láti máa fọ ìgò. Ọ̀gá obìnrin tó ń bójú tó odò rí i pé ojú wọn mú, ó sì mú wọn mọ́ra. Iṣẹ́ náà kò ju báyìí lọ: wọn a dúró nínú odò, wọn a dẹ àwọ̀n sí ìsàlẹ̀, wọn a fi ẹsẹ̀ rú òkúta sókè kí omi lè gbé kòkòrò abẹ́ rẹ̀ wọnú àwọ̀n. Wọn a dà wọ́n sínú àwo funfun pẹrẹsẹ, wọn a ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì kà wọ́n. Eṣúṣú a máa gbé inú ẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò kan wà tí kò lè fara da ìdọ̀tí rárá. Bí àwọn yẹn bá ti ń dín kù, nǹkan kan ti wà nínú omi tí ojú kò rí.

Ọ̀kan lára wọn ni akọ́lé, tó máa ń lẹ yanrìn pọ̀ di ilé róbótó, tó sì ń gbé inú rẹ̀. Lóṣù àkọ́kọ́, màmá wa ka akọ́lé tó pọ̀, wọ́n sì ní ara odò le. Ọ̀gá wọn fi ẹ̀mú tẹ ọ̀kan, ó fọ́, òfìfo ni. Ó ní, “Ilé lo kà, àbúrò. Onílé dà?” Látọjọ́ náà, màmá kì í ka èyíkéyìí láì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Kódà páálí ìṣáná, wọn kì í gbà pé nǹkan wà nínú rẹ̀ àfi bí wọ́n bá ṣí i.

Ní 1978, wọ́n fẹ́ bàbá wa, káfíńtà tó wá tún pẹpẹ ìgò wọn ṣe. Igi tí wọ́n á máa fi di àwọ̀n kòkòrò mú ni ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tí bàbá fún wọn. Bàbá máa ń sọ fún àlejò pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, kòkòrò ló ni tábìlì. Àwa ayálégbé, orí àga la ti ń jẹun.”

Ní 1991, akọ́lé tán pátápátá nínú odò, níbi tó ti ṣàn kọjá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe awọ. Màmá ní kí wọ́n ti ẹ̀rọ omi ìlú pa. Àwọn tó ń pọnmi kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà wa: “Màmá Oníkòkòrò, ṣé kòkòrò ni yóò pọnmi fún wa ni?” Wọ́n ju òkúta, fèrèsé fọ́. Nígbà tí wọ́n wá rí páìpù ẹ̀gbin ilé iṣẹ́ náà tó bẹ́ sódò, orúkọ ẹ̀gàn náà di orúkọ àpọ́nlé. Kò sẹ́ni tó san owó fèrèsé.

Nílé ìjọsìn, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń jókòó sí. Bí òjò bá ṣú, àdúrà wọn a gùn, nítorí òjò ní í gbá ẹ̀gbin wọ odò.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2012. Ilé iṣẹ́ kò fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Àwọn àti àbúrò wọn ló ń lọ sódò láti ka kòkòrò, àbúrò a di apá wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, lókè ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi ìlú, ilé akọ́lé kún inú àwo. Màmá tẹ̀ wọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ṣófo. Àwọn onílé lè ti hu ìyẹ́ kí wọ́n fò lọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n sì lè ti kú. Kí a padà lọ wò bóyá ọmọ tuntun ti dé nìkan ni ó lè fi èyí tó jẹ́ hàn. Màmá ní kí gbogbo wa máa se omi ná. Bí bàbá bá bi wọ́n láàárọ̀ bóyá omi ṣì dára, wọn a ní, “N kò tíì mọ̀.”

Kí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ padà lọ wò ó tó pé, èémí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, bóyá òjò ti rọ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Àkọ́bí wọn ní kí òun lọ sódò. Màmá ní, “Ilé ni wàá kà, ọmọ mi.” Ó lọ síbẹ̀síbẹ̀, ó bu omi odò pẹ̀lú ilé akọ́lé díẹ̀ wá nínú ìgò. Nígbà tó dé, ojú màmá kò ríran mọ́. Wọ́n dákẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin.

Wọ́n fi bàbá wa sáyé lọ, àti àbúrò wọn, ọmọ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì, awakọ̀ àti olùkọ́, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́fà. Ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá. Omi tí a gbé síwájú yín lónìí, a ti sè é.

Màmá, ẹ sinmi. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí ibi tí ẹ kò ti ní máa ṣọ́ òjò.

Ìgò náà wà lójú fèrèsé. Ẹni tó lè sọ fún wa bóyá odò ṣì yè ti kú.