Erékùṣù Kékeré Tó Bi Kóòtù Àgbáyé Léèrè

                                        Àdúgbò Ṣàngó,
                                        Ìlọrin,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi Ìtùnú ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo ilé l'Ọ́mù-Àrán? Ṣé ẹsẹ̀ Bàbá Ìyanuolúwa ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà lálàáfíà, alihamudulilahi.

Ìtùnú, ẹnu ṣì ń yà mí. Fawziyyah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà ní GRA, ló sọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè kan tó ń jẹ́ Vanuatu fún wa. Àwọn erékùṣù kéékèèké ni, láàárín òkun. Mo bi í pé èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀, ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ó lé díẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀: Ìlọrin wa yìí á gbà wọ́n ní ìlọ́po méjì, àyè á tún ṣẹ́kù!

Òkun ń gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ èéfín tó ń mú ayé gbóná, tó sì fà á, kò ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin níbẹ̀ ló dábàá pé kí wọ́n bi kóòtù àgbáyé léèrè ohun tó jẹ́ ojúṣe àwọn orílẹ̀-èdè lórí ojú ọjọ́. Ìjọba wọn gbé e káàkiri títí orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún fi tì wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tó dé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n dìbò; gbogbo wọn gbà á bẹ́ẹ̀. Oṣù tó kọjá ni kóòtù dáhùn pé ojúṣe ni, kì í ṣe àánú, àti pé ẹni tó bá kùnà lè san gbà-má-bínú. Fawziyyah ní kóòtù ò lè fipá mú ẹnikẹ́ni o, ṣùgbọ́n kò sí orílẹ̀-èdè ńlá tó lè ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

O mọ Alhaji tó ń ra òrí lọ́wọ́ àwa obìnrin olórí l'Ọ́jà-Ọba. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, àwa la ó máa san owó àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá òrí dáa. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, èrè mi ò ní tó owó kẹ̀kẹ́ mọ́. Mo ti fẹ́ pa òwò náà tì. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń pè wá wọlé, oníkálukú á sì gbà fún un. Ọ̀rọ̀ Vanuatu ló jẹ́ ká fẹnu kò lọ́tẹ̀ yìí pé Bàríkísù, ọ̀kan nínú wa, ni kó gbẹnu sọ fún gbogbo wa. Ẹnikẹ́ni tí Alhaji bá pè á ní, "Alhaji, ẹ bi Bàríkísù."

Alhaji kọjú sí ìyá tó dàgbà jù nínú wa. "Ìyá, ẹ̀yin náà?"

"Ọmọ mi, etí mi ti di. Bàríkísù ló ń bá mi gbọ́."

A fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàríkísù ní, "A ò kọ àyẹ̀wò, Alhaji. Ẹni tó fẹ́ ẹ ni kó san án."

Ọkọ̀ tó máa kó òrí lọ fún Alhaji ti dúró níta. Alhaji ní ká pín in sí méjì. A tún ní, "Ẹ bi Bàríkísù." Ó wo ojú wa lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní ó dáa, òun á san án.

Ìtùnú, ẹ̀rù bà mí ju bí inú mi ṣe dùn lọ. Ṣé ọwọ́ wa ni agbára yìí ti wà látọjọ́ yìí?

Bá mi kí Bàbá Ìyanuolúwa àti Yétúndé.

Tìrẹ ni mí, tọkàntọkàn,
Hidayat