Awọ Òrùlé Ṣọ́ọ̀bù Wa

Ọmọ mi ọkùnrin,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Àwa náà wà níbí, a ń mí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí àwọn òrùlé gíga tí o ń gùn kiri wá oúnjẹ òòjọ́. Kí ọ̀gá rẹ máa rántí orúkọ rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ohun rere, kó gbàgbé rẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dá èèyàn dúró níṣẹ́. Àmín. Àbúrò rẹ obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí o mọ̀ pé èmi àti ìwé kì í ṣe ọ̀rẹ́.

(Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà nìyí. Bí Bàbá ṣe ń sọ ọ́ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ohun tó bá wà nínú àkámọ́ bí irú èyí, tèmi ni, wọn ò mọ̀ sí i. Wọ́n jókòó sórí àga onírin níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń wo ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń jókòó lójoojúmọ́ nìyí báyìí. Ojú ọ̀run ṣú, inú mi náà ṣú.)

Mo ti pè ọ́ títí. Obìnrin inú fóònù rẹ ló máa ń dá mi lóhùn, ó ní o kò sí nítòsí. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó bá mi sọ fún ọ pé bàbá rẹ ló pè, mo kí i dáadáa, mo bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún fi dá mi lóhùn. Ó dà bíi pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń bínú sí mi. Bó bá jẹ́ ìyàwó lo ti fẹ́, mú un wálé ká rí i. Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ lẹ ti pàdé, sọ fún ọ̀gá yín pé obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ kára, kò sí ìgbà tí mo pè tí n kò bá a nídìí iṣẹ́.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé pẹrẹsẹ ni òrùlé ṣọ́ọ̀bù wa, kọnkéré lásán, omi tó bá dúró síbẹ̀ kì í rí ibi kankan lọ àfi ìsàlẹ̀. Télọ̀ ti so agboòrùn mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, abẹ́ agboòrùn ló ti ń ránṣọ nínú yàrá. Oníbàárà kan bi í pé ṣé òjò ń rọ̀ nínú ilé ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìta ló ti dá. Oníbúrẹ́dì ti kó ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ sí yàrá tó ń sùn, ó ní bí oṣù yìí bá parí tí òrùlé ṣì wà báyìí, òun á wá ibòmíràn. Onígbàjámọ̀ àti onífọ́tò ti lọ ní tiwọn. Ṣọ́ọ̀bù méjì ti wà ní títì pa nínú mẹ́rin tí a fi ń gbowó ilé.

Kò yà mí lẹ́nu pé o bínú. O ní irú awọ kan wà tí wọ́n ń tẹ́ bo irú òrùlé bẹ́ẹ̀ tí omi kì í lè gbà á kọjá, o ní kí n yan awọ, mo lọ yan àwọ̀. Owó tí o fi ránṣẹ́ pé ká fi tún òrùlé ṣe, mo fi ra pẹ́ńtì búlúù. Báyìí pẹ́ńtì náà ti ń ṣí, ó ń bá omi wọ inú ìyẹ̀fun oníbúrẹ́dì. Etí mi ni. Bóyá kì í tiẹ̀ ṣe etí, bóyá orí ni.

(Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa ọ̀rọ̀ etí yìí rẹ́ kí n tó kọ ọ́. Bí ibẹ̀ bá rí jágajàga, ẹ má ṣe rò pé báírò ni.)

Àpòòwé rẹ dé. Awọ mẹ́ta tí o fi sínú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, gbogbo rẹ̀ pé. Dúdú tó rọ̀ bíi rọ́bà inú táyà, funfun tó ń dán, àti èyí tó dà bí ọ̀dà tí wọ́n ń tẹ́ sí títì, tí yanrìn wà lára rẹ̀. Mo gbé wọn lọ bá alápatà kó bá mi wo ẹran tí wọ́n bó wọn lára rẹ̀. Ó gbóòórùn wọn, ó ní kì í ṣe màlúù, kì í ṣe ewúrẹ́, ó ní bí irú ẹran funfun yẹn bá ń jẹko níbì kan, kí n má gbé e wá sọ́dọ̀ òun. Mo kó wọn sínú oòrùn, mo jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Dúdú gbóná débi pé mo fọwọ́ kàn án, mo pariwo. Funfun tutù, aláǹgbá wá sùn lé e lórí. Oníbúrẹ́dì da òróró díẹ̀ sí dúdú, ó wú bí ètè ẹni tí oyin ta, bẹ́ẹ̀ orí òrùlé yẹn ni ọ̀pá èéfín tirẹ̀ wà, òróró sì ń bá èéfín jáde. Èyí tó ní yanrìn, ìyá rẹ ti gbé e lọ, ó ń fi ha gìgísẹ̀, ó ní kò sí irú rẹ̀, kí o fi èyí tó tóbi díẹ̀ ránṣẹ́.

Ìwé tó wà pẹ̀lú wọn, télọ̀ ni mo ní kó kà á fún mi, lẹ́ẹ̀mejì, kí etí mi má tún tàn mí. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ ní kí n kọ iye ihò tó wà lórí òrùlé. Bó bá ṣe pé mo mọ ibi tí ihò wà ni, ṣé mi ò ní ti dí wọn? Wọ́n ní kí n fi fọ́tò òrùlé ránṣẹ́, mo wọ aṣọ mi tó dára, mo dúró síbẹ̀, ojú mi hàn kedere, ìwọ náà á rí i. Wọ́n tún ní awọ náà á lo ogún ọdún, pé bó bá jò kí n wá bá àwọn. Bá mi bi wọ́n pé ibo ni wọ́n rò pé màá wà nígbà náà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Mi ò ní yan ìkankan. Ẹni tí kò mọ awọ yàtọ̀ sí àwọ̀ kò yẹ lẹ́ni tí ń yan nǹkan mọ́. Oní-símẹ́ńtì tó wà lódìkejì ọ̀nà ní òun fẹ́ ra ilé náà, òun á wó o. Wá fọwọ́ sí i fún un. Mo ti kó kọ́kọ́rọ́ fún ìyá rẹ. Lánàá mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá mo ti jẹun. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o, mo fẹ́ mọ̀ bóyá màá gbàgbé ni.

(Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè kọ èyí kí n sì dákẹ́. Etí Bàbá kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù ṣì wà níbẹ̀: Baba, e yan awo ti e ba fe fun orule, dudu abi funfun. Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Bàbá dúró, wọ́n ń wò mí lẹ́nu. Mo kọ́kọ́ rò pé àwo ìjẹun ni, mo ní rárá. Awọ ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn, ta ló ń fi awọ bolé? Ó yẹ kí n sọ pé kò dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ìwé kẹta ni mo ti kúrò níléèwé, inú ilé yìí nìkan ni wọ́n ti ń pè mí ní akọ̀wé, mi ò fẹ́ kí akọ̀wé sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n kà. Mo kà á ketekete pé àwọ̀. Inú mi tiẹ̀ dùn. Bàbá ní èwo ló wù mí, mo ní dúdú àti funfun ò dára, ká kùn ún ní búlúù.

Nígbà tí ẹ pè tí ẹ ń pariwo, Bàbá gbé fóònù kúrò létí, wọ́n ní kí ni mo kà fún àwọn. Mo ní awọ ni mo kà, àwọn ni wọ́n gbọ́ àwọ̀. Ojú mi ò ṣẹ́. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn fọwọ́ kan etí wọn, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn wọn ò gun àkàbà mọ́. Mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọjọ́ ọ̀sẹ̀ lábẹ́ ahọ́n. Ẹ̀yin náà, kí ló dé tí ẹ kì í fi àmì sọ́rọ̀? Ẹ má bínú. Mò ń wá ẹni tí màá pín ẹ̀bi náà fún ni.)

Ọmọ mi, mo ti dákẹ́ tipẹ́, àbúrò rẹ ṣì ń kọ ọ́ lọ. Mo bi í pé kí ló ń kọ, ó ní èmi ni mo sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣé o rí i? Mi ò mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ ẹnu ara mi mọ́. Mo ní kó ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí kí n tó tẹ̀ka.

(Mo kà á. Mo fo àkámọ́ àkọ́kọ́, mo fo èkejì. Mo dé ibi tó gùn, mo ní kí n fò ó, Bàbá sì fọwọ́ kan etí wọn. Ni mo bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Télọ̀ dá ẹ̀rọ dúró. Bàbá ò yíjú. Wọ́n ní kí n tún ibi etí yẹn kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo mú búlúù lóòótọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó ti ń ya àwọn lẹ́nu, pé àwọn ò fẹ́ràn búlúù rí. Wọ́n dìde, wọ́n lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá wa, wọ́n gun àkàbà. Wọn ò tíì sọ pé àwọn dárí jì mí. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lókè nínú omi, láti igun kan dé ìkejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pariwo ìyókù lẹ́tà yìí sí mi.)

Ọmọ mi, pa ọ̀rọ̀ oní-símẹ́ńtì rẹ́. Funfun ni mo fẹ́. Dúdú á wú lábẹ́ òróró oníbúrẹ́dì. Èyí tó ní yanrìn, ìwé yín ní iná ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, aṣọ olóníaṣọ sì kún ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni wọ́n fi ń so etí funfun mọ́ra títí á fi di ara kan. Sọ fún wọn pé ihò tí wọ́n ń bèèrè, ibi tí nǹkan ti yọrí láti inú òrùlé yìí, jẹ́ mẹ́ta, ọ̀pá èéfín kan, páìpù méjì. Mo dúró tì wọ́n bí mo ṣe ń kà wọ́n. Ojú ìṣàn omi ti dí, ewé ló dí i, mo ti ń fọwọ́ kó o. Má fi owó ránṣẹ́ o, èyí tó wá ṣáájú ti di pẹ́ńtì. Ìwọ gan-an ni kí o gbé awọ náà wá kí oṣù tó parí, kí oníbúrẹ́dì má baà lọ.

Ọlọ́run á bò ọ́. Ibi tí o bá fi orí sí kò ní jò. Àbúrò rẹ ń sunkún nísàlẹ̀, mo mọ̀ pé kò ní fẹ́ kọ ìyẹn, mo ní kó kọ ọ́. Awọ funfun ni mo wí. Mo ní kó fi gbogbo àmì sí i.

Èmi ni bàbá rẹ, láti orí òrùlé.