Ìwé Àwòrán Tí Ẹ Torí Rẹ̀ Fẹjọ́ Mi Sùn

Bàbá Adédoyin,

Ọ̀gá ilé-ìwé gba ìwé àwòrán àwọn ìlú àròsọ tí mo fi ń kọ́ kíláàsì kẹta ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí. Ó ní ìbọ̀rìṣà ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọkọ yín ni, tíṣà. Wọ́n bá mi sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn."

Ẹ kò lè sọ ọ́ fún mi nílé tí a jọ ń gbé.

Nígbà tí ọ̀gá wọ kíláàsì wa, Tàwàkálítù ló wà lórí ìdúró, ọmọ apẹja tó ń sọ Ègùn, tí kò lanu sọ Gẹ̀ẹ́sì rí láti ìgbà tí a ti wọlé ní sáà yìí. Ó ń tọ́ka sí ìlú orí omi kan nínú ìwé náà, ó sì ti sọ gbólóhùn mẹ́ta tó já gaara. Ẹ̀rù bà á, ó jókòó.

Ẹ̀bà wà nínú kúlà. Ẹ gbé ọbẹ̀ kaná.

Mo ti lọ sílé ìyá mi ní Morogbo. Tí Adédoyin bá béèrè mi, ẹ má sọ pé mo kàn lọ kí ìyá mi ni. Ẹnu yín ni kó ti gbọ́ ohun tí ẹ ṣe.

Láídé