Mo Rí I Tó Wọlé, Mi Ò Rí I Kó Jáde

                                        Yàrá tó kángun sí géètì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹnìkan wà nínú yàrá mi. Mo ti ti ilẹ̀kùn láti ìta, mo tún fi agádágodo kọ́ ọ. Ọmọ wà lẹ́yìn mi. Orí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ fèrèsé aládùúgbò mi ni mo jókòó sí, mò ń kọ̀wé, mò ń wo ẹnu ọ̀nà mi. Ẹ má bínú bí ìwé yìí bá rí wúruwùru.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ara yín le? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín níjọ́sí ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Bọ̀dá káfíńtà ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Tèmi ń yọ eyín, ara ẹ̀ gbóná díẹ̀ láti àná, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an wà lára ohun tó ń bà mí lẹ́rù, ẹ máa gbọ́.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ wá kí wa kẹ́yìn, tí ẹ bá mi níbi tí mo ti ń lọ aṣọ oníbàárà, tí fóònù mi ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Ẹ ní ta nìyẹn. Mo ní ará ilé wa ni, ọkùnrin tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tèmi, tó ń wo sinimá táá wá jókòó síwájú kámẹ́rà láti sọ ohun tó dáa níbẹ̀ àti ohun tí kò dáa, táá sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní báwo ló ṣe gùn tó? Mo ní wákàtí mẹ́rin. Ẹ pariwo, "Sinimá wákàtí kan àbọ̀, àlàyé wákàtí mẹ́rin! Ìrù wá gùn ju ajá lọ! Ológbò àbúrò mi, ṣé o ò níṣẹ́ ni?" Mo ní iṣẹ́ náà kúkú ni mò ń ṣe, ohùn ẹ̀ ló ń mú ọmọ sùn. Ẹ ní ìyẹn kì í ṣe oorun, ó dákú ni. A rẹ́rìn-ín títí.

Gbogbo ilé ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ-Ṣì-Dúró ni wọ́n ń pè é, torí gbogbo ìgbà téèyàn bá rò pé ó ti parí, á ní, "Ẹ ṣì dúró ná." Kì í gé nǹkankan kúrò. Bó bá sín, ẹ máa gbọ́ ọ. Bó bá dìde lọ mu omi, àga òfìfo lẹ máa máa wò. Ó ní ẹni tó bá ń gé ọ̀rọ̀ ara ẹ̀, irọ́ ló fẹ́ pa. Ó ní ẹni bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú ẹ̀. Wọ́n á ní, "Èèrà tìẹ yìí mà tóbi ju erin lọ."

Ọ̀sán òní, mò ń lọ aṣọ, mo gbé èyí tó ṣe lánàá síwájú mi. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Ẹ mọ̀ mí, ojú mi kì í jókòó síbì kan. Mo rí i pé ẹnu ọ̀nà mi ló wà lẹ́yìn èjìká ẹ̀, nínú fèrèsé yẹn. Inú mi dùn, mo ní, "Ọmọ mi, wá wo ilé wa nínú fóònù!" Mo rí ara mi tí mo pọn ọ́n, tí mo gbé ẹrù oníbàárà, tí mo ti ilẹ̀kùn, tí mo lọ. Kò pẹ́ ni Jẹ́jẹ́ dé ẹnu ọ̀nà mi.

Ẹ mọ Jẹ́jẹ́, àbúrò ìyá onílé lọ́kùnrin tó ń bá a mójú tó ilé, tó ń rìn bí ẹni tí kò ní gìgísẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣí ilẹ̀kùn mi, ó wọlé, ó pa á dé. Kọ́kọ́rọ́ tó búra fún mi pé òun ò ní!

Mò ń dúró kó jáde. Áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà, mi ò mọ̀. Ẹ-Ṣì-Dúró ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń bínú sí bí wọ́n ṣe tan iná sójú òṣèré, ó sín, ó mu omi. Ilẹ̀kùn ò mì. Mo wá rí ara mi tí mo padà dé. Ẹ̀gbọ́n mi, lánàá mo tètè dé, oníbàárà ò sí nílé. Mo rí ara mi tí mo ṣí ilẹ̀kùn, tí mo wọlé tèmi tọmọ. Kò tíì jáde. Mo wò ó títí fídíò fi parí. Kò jáde.

Láti ìgbà tí mo ti dé lánàá, nítorí ara ọmọ tó gbóná, mi ò tíì kọjá iwájú ilé. Ibẹ̀ la sùn.

Ni mo bá wo ọmọ. Orí ẹní ló wà, ó ń wo àjà, igun tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà téèyàn ń bá a ṣeré. Láti àárọ̀ ló ti ń wo ibẹ̀, mo rò pé aláǹgbá ni. Páálí àjà ibẹ̀ ti yẹ̀ díẹ̀.

Mi ò sá. Mo ní kí ohùn mi má gbọ̀n, mo ní, "Ọmọ mi, jẹ́ ká lọ ra ọṣẹ." Mo yọ áyọ́ọ̀nù, mo fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè máa wo inú ilé láti ìta, mo pọn ọmọ, mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn. Irin wà lójú fèrèsé, kò lè gba ibẹ̀.

Mo lọ bá ìyá onílé. Ó ní láti àná lòun náà ò ti rí àbúrò òun, yóò ti rìnrìn-àjò. Mo fi ibi tó ti wọlé hàn án nínú fídíò. Ojú ẹ̀ yí padà díẹ̀, ó wá ní, "Ó lọ tún nǹkan ṣe ni. Ẹni tó bá wọlé á jáde." Mo ní kò jáde, mà. Ó ní kí n fi ibi tí kò ti jáde han òun! Ẹ gbà mí, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi hàn án? Ibi tó ti wọlé, ìka kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Pé kò jáde, àfi kó jókòó wò ó tán. Ó ní, "Èmi? Kí n jókòó ti wèrè yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú? Orí mi ò tíì dàrú." Ó ní bí mo bá mú ọlọ́pàá wọ ilé òun, kí n di ẹrù mi. Ó pa ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú.

Ẹ-Ṣì-Dúró nìkan ló gbà mí gbọ́. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ìwọ nìkan lo wò ó dópin rí." Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ló fẹ́ sun. A wo àwọn tó ṣe tẹ́lẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń wọlé mi lemọ́lemọ́ bí mo bá ti jáde, àmọ́ á ti lọ kí n tó dé. Ẹ rántí àwọ̀sùn mi tí mo wá tì, tí mo ní afẹ́fẹ́ ló gbé e. Nísinsìnyí ó ti yí kámẹ́rà ẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ní òun ò ní pa á títí ẹ máa fi dé. Ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, kò lè dá Jẹ́jẹ́ dúró. Àwọn ayálégbé yòókù ò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Bàbá ọmọ wà níbi ọ̀nà tí wọ́n ń là, ìpè ò wọlé.

Ẹ bi mí níjọ́sí bóyá fídíò ẹ̀ tó nǹkan téèyàn ń wò. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ò tó. Ohun tó lè sọ kíá, á máa yí i ká bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Ṣùgbọ́n ká ní ó gé e ni, inú yàrá yẹn ni mi ò bá ṣì wà, tí màá tún sùn síbẹ̀.

Wọ́n ń gba fóònù lọ́wọ́ yín ní géètì iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé. Ẹni tó ń gbé búrẹ́dì kiri ló máa bá mi fún ọlọ́dẹ yín ní ìwé náà. Ẹ mú bọ̀dá káfíńtà dání, kó gbé àkàbà, kó mú àwọn ọmọ ìṣọ̀ ẹ̀ wá. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, ẹ má sọ fún wọn.

Ẹ dúró. Mo ti fẹ́ ká ìwé yìí, mo gbójú sókè. Kọ́tìnnì tí mo fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bo fèrèsé. Ẹ-Ṣì-Dúró náà rí i. Agádágodo ṣì wà níbi tí mo kọ́ ọ sí, ọmọ sì ti ń juwọ́ sí fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dúró parí iṣẹ́. Ẹ má lọ pààrọ̀ aṣọ. Ẹ máa bọ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀.

Èmi àbúrò yín tó ń retí yín lójú ọ̀nà,
Ológbò.