Ìjókòó Iwájú Nínú Ọkọ̀ Igbókòdá

Màámi ọ̀wọ́n, arìnrìn-àjò mi,

Inú ọkọ̀ Igbókòdá ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí, ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀. Iwájú ni mo jókòó sí, ibi tí ẹ máa ń torí ẹ̀ bá èèyàn jà. Ọkọ̀ ò tíì kún. Mo ti ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ mi pa láàárọ̀ yìí, àwọn awakọ̀ sì ń bi mí bóyá ara mi ò yá ni. Mo san owó ìjókòó méjì. Àpò yín ló wà lórí ìkejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Nígbà tí Bàbá kú, tí ẹ fi oko kòkó Omifunfun sílẹ̀ fún àwọn alágbàtọ́jú, gbogbo wa rò pé ẹ máa fìdí mọ́lé. Ẹ ò fìdí mọ́ ibì kankan. Ẹ ó wẹ̀, ẹ ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà yẹn, ẹ ó wọkọ̀ lọ sí ìlú tí ẹ ò ti mọ ẹnì kankan. Ẹ ó mu omi ibẹ̀, ẹ ó ra ohun kan bọ̀. Ẹ ra àdá bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde bí ẹni pé wọn kì í tà á ní Ọ̀rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi àdá ṣe nígbà tí ẹ ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún?

Lọ́jọ́ tí ẹ lọ sí Igbókòdá, ẹ rí ọkọ̀ ojú omi, ẹ bá a lọ, ẹ sì sun ọ̀hún mọ́jú. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Nígbà tí ẹ dé, ẹ̀rín lẹ ń rín, ẹ ń ròyìn òkun bí ọmọdé tó lọ ṣọdún. Inú bí mi. Kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ojú ń tì mí. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ti ń sọ pé mo jẹ́ kí ìyá mi di alárìnkiri.

Ni mo bá kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ pé ẹni tó bá gbé yín kò gbọdọ̀ jẹun lọ́dọ̀ mi mọ́. Màámi, èmi ni. Gbogbo ìgbà tí ẹ wọ bùbá yín tó dáa dé gáréèjì, tí wọ́n ní ọkọ̀ ti kún, tí ẹ sì ń fojú ara yín rí àyè, èmi ni.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, àmọ́ ẹ ò fura sí mi. Ẹ gbà pé ayé ló dínà mọ́ yín, pé àwọn awakọ̀ ń rí ohun burúkú kan lójú yín. Ẹ lọ gbààwẹ̀ ní ilé àdúrà, èmi ni mo ń gbé omi lọ fún yín. Ẹ fi orúnkún tó ń dùn yín kúnlẹ̀, ẹ ń bẹ Ọlọ́run kó mú ẹni tó dínà náà. Mo kúnlẹ̀ tì yín. Mo ń ṣe àmín. Báwo ni àmín yẹn ṣe jáde lọ́fun mi?

Lẹ́yìn ààwẹ̀, ẹ tún dé gáréèjì. Ọkọ̀ ti kún. Ẹ ti bàtà rọ́bà bọ abẹ́ ibùsùn, ẹ ò wọ̀ ọ́ mọ́. Mo ń se ẹja tútù fún yín, mo ń fi òróró wọ́ ẹsẹ̀ yín, mo ń pe ìyẹn ní ìtọ́jú. Ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi le gan-an. Kí ikú tó mú yín lọ, ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi láìmọye ìgbà, mo sì ń gbé e mì. Ká ní mo sọ ọ́, ṣé ẹ̀ bá dìde?

Ìyá àgbà kan ti dé báyìí. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n dá wá, Igbókòdá ni wọ́n ń lọ. Gbogbo ẹ̀yìn ti kún, ìjókòó yín nìkan ló kù. Awakọ̀ wojú mi. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kìlọ̀ fún nígbà yẹn ni. Ó ti lanu, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ fún wọn.

Mo ti gbé àpò yín lé ẹsẹ̀. Ìyá ti wọlé, wọ́n sì ti ń ní kí n sún, kí àwọn lè rí ojú ọ̀nà dáadáa. Mo ti sún fún wọn.

Ọkọ̀ ti kún, Màámi. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni.

Èmi ni, ọmọ yín tó dínà mọ́ yín, tó sì fẹ́ràn yín.