Katakata Kò Lè Fẹ́ Ràfátù

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ìyá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn àbúrò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún yín láti inú ọkọ̀ àwọn ológun ojú omi l'Ékòó níbí. Ẹ̀yin ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ni. Gbogbo àdúgbò ló jẹ nínú obì ìdána mi, kí gbogbo àdúgbò gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Bàbá, mo rí lẹ́tà tí ẹ ní kí tíṣà bá yín kọ. Ẹ ní bàbá Ràfátù, àfẹ́sọ́nà mi, ń bínú pé ọdún méjì rèé tí n kò kó ẹgbẹ́ mi wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko òun bí àna ṣe ń ṣe. Òótọ́ ni, mo jẹ̀bi. Orí omi ni mo wà. Ẹ tún ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìgbòho, tí òun náà fẹ́ fẹ́ Ràfátù, ti gbé katakata wá, ó tú gbogbo oko náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wá fẹ́ dá obì mi padà. Ẹ ní kí n fara mọ́ ọn, kí n jókòó ti iṣẹ́ ọba, pé obìnrin pọ̀.

Bàbá, ẹ foríjì mí. N kò gbà.

Iṣẹ́ ọba tí ẹ ń wí, mo ti kọ̀wé fi í sílẹ̀. Ọ̀gá wa ní kí n fọwọ́ sí ọdún mẹ́ta sí i, òun yóò gbé mi ga. Mo ní rárá, sà. Ó bi mí bóyá orí mi pé. Mo ní ó pé, ilé ló kọjú sí. Láti ìgbà náà ni ìwé ìyọ̀ǹda mi ti ń sùn lórí tábìlì rẹ̀. Mo ti dá aṣọ àti fìlà wọn padà, síbẹ̀ n kò lè jáde láìsí ìwé náà. Òòlù ni mo fi ń gbá ìpẹtà kúrò lára ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Oòrùn ń pa mí, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń ta mí lójú, n kò sì rí ará Òkè-Ògùn kan bá sọ̀rọ̀. Àárò Ràfátù ń sọ mí, Bàbá. Ojú kò tì mí láti sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bi bàbá Ràfátù léèrè. Kí ni ọ̀wẹ̀ àna wà fún? Ṣebí kó lè rí bí ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ́, bó ṣe ń làágùn, àti irú ènìyàn tó ń bá rìn. Ará Ìgbòho yìí, orí ìjókòó ló wà! Katakata tú ilẹ̀, mo gbà. Ṣé ó kọ ebè? Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó bá mi mú kí ilẹ̀ rọ̀.

Ibí ni mo fẹ́ dákẹ́ sí. Ṣùgbọ́n lánàá, awakọ̀ kan tó ń kó iṣu láti Ṣakí yà sí ẹnu géètì wa, ó jẹ́ iṣẹ́ Ràfátù fún mi. Ó ní Ràfátù gbé ọkọ́ bàbá rẹ̀, ó lọ sí oko tí katakata tú, ó sì kọ ebè mọ́kànlá lójú gbogbo ayé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé obìnrin wa kì í kọ ebè. Bàbá rẹ̀ bi í pé kí lèyí. Ó ní ti ọkọ òun ni òun bá a bẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ má baà le kó tó dé. Awakọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Mo jókòó sórí okùn ọkọ̀, mo sunkún.

Nítorí náà, Bàbá, bí wọ́n bá gbé obì náà dé, ẹ má nawọ́ gbà á. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé mi ni mò ń bọ̀, n kò ní dúró jẹun. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí ẹ̀yin àti ìyá mi sí, kí ẹ jẹ nínú iṣu oko náà. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí tíṣà, kó ka eléyìí sókè dáadáa. Ẹ sọ fún Ràfátù pé kó fi ọkọ́ náà sílẹ̀, kó sinmi. Ebè kejìlá, tèmi ni.

Èmi ni ọmọ yín,
Bùsárì